Ẹ Má Hú Eruwà Yẹn Dànù: Bí Ẹ Ṣe Lè Gbin Koríko Ilẹ̀ Wa Sínú Kọ́mpáǹdù

Ilé tí mò ń gbé ní Ìbàdàn, ẹ̀gbẹ́ òkè ló wà, ọdún àkọ́kọ́ tí mo kó débẹ̀ ni mo ti rí i pé ilẹ̀ tí mo fowó rà ń bá omi lọ. Òjò á rọ̀, omi pupa á sọ̀ kalẹ̀ látòkè, á gba ẹ̀yìn ilé kọjá, kí n tó mọ̀ ó ti gbẹ́ kòtò gígùn láti ìdí táńkì omi dé ìdí fẹ́ǹsì. Mo pe bíríkìlà, ó ní ká da kọnkéré sí i, a dà á sí apá kan, owó lọ, ṣùgbọ́n omi tó bá já sórí kọnkéré kì í dúró, ńṣe ló ń sáré, ibi tí kọnkéré parí sí ló wá gbẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ abẹ́ fẹ́ǹsì. Màmá àgbà kan ládùúgbò ló wá wò ó, wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n hú gbogbo eruwà tó wà níbí?" Èmi ni. Kí n tó kọ́lé, eruwà ló kún ibẹ̀ bámú, mo sanwó fún àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kí wọ́n hú u tìdítìdí.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gbìn ín padà, òun àti koríko míì tí wọ́n ń pè ní fẹtífà, ilẹ̀ sì ti dúró. Ohun tí mo ti fọwọ́ ara mi ṣe ni mo fẹ́ kọ síbí, kí ẹni tí òjò ń kó ilẹ̀ rẹ̀ lọ lè rí nǹkan dì mú kí òjò tó ń bọ̀ tó dé.

Irú koríko tí mò ń sọ

Ẹ wo koríko ọba tí ẹ fi ń se tíì. Ojú kan ló máa ń hù sí, á máa bí ọmọ mọ́ra, ìdí rẹ̀ á máa ki sí i, àmọ́ kì í sá kiri. Irú ẹ̀ ni mò ń sọ, koríko tó ń hù nídìí-nídìí, tó sì ń wà lọ́pọ̀ ọdún: ewé lè gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìdí ò kú, òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ á tún rú. (Koríko ọba fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa o, apá Éṣíà ló ti wá, mo kàn fi ṣàpẹẹrẹ torí kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n.) Ẹkan yàtọ̀. Ẹkan, abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà rìn bí olè, tó bá ti wọlé ẹ ò ní rí ojú ẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má mú un dé kọ́mpáǹdù yín rárá. Kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì tí gbogbo èèyàn ń rà ní nọ́ọ̀sìrì náà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú un wá, gbòǹgbò rẹ̀ ò lọ jìnnà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tẹ́ ò bomi rin ín á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, bí òjò bá dé ẹ ó máa gé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mi ò ní kẹ́ni tó ní in hú u, àmọ́ kò lè di ẹ̀gbẹ́ òkè mú.

Àwọn tí mo mọ̀ tó wúlò nìyí.

Eruwà ni àkọ́kọ́. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ọ̀kan nínú wọn ní Andropogon gayanus, wọ́n ń pe ìkejì ní Andropogon tectorum, ọ̀rọ̀ Látìnì ni tectorum yẹn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ti òrùlé", torí òrùlé ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Gayanus fẹ́ràn oòrùn gbangba, ilẹ̀ tó rù pàápàá kò dí i lọ́wọ́, ó lè ga ju èèyàn lọ dáadáa. Tí oṣù kẹwàá bá ti ń wọlé á yọ òdòdó tó rí bí irun fífẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá tàn sí i, ẹ ó dúró wò ó. Ẹ tún gbọ́ èyí: eruwà kan tí wọ́n mú ní Shika, lẹ́bàá Zaria, lọ́dún 1973, òun ni wọ́n gbìn tí wọ́n sì yẹ̀ wò ní Kòlóńbíà àti Bràsíìlì, nígbà tó fi máa di 1980 àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì ti gbé e jáde fún àwọn tó ń sin màlúù níbẹ̀. Ohun tá à ń pè nígbó nìyẹn.

Fẹtífà ni ìkejì, tí àwọn òyìnbó ń kọ ní vetiver. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ní tirẹ̀, Chrysopogon nigritanus, ibi tí odò máa ń kún sí ló máa ń hù sí, bí etí odò Ọya. Èyí tó gbajúmọ̀ jù káàkiri ayé, tó ṣeé ṣe kí ẹ rí ní nọ́ọ̀sìrì, ti Íńdíà ni, zizanioides ni wọ́n ń pè é. Ti Íńdíà kì í sábà fi èso tàn kálẹ̀, tiwa máa ń ní èso tó lè hù. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe: gbòǹgbò wọn kì í fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ìsàlẹ̀ gan-an ló ń lọ, ó lè lọ tó mítà 3 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, ìdí ẹ̀ sì máa ń fún pọ̀ tí omi fi máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ á jókòó, omi tó mọ́ á yọ́ kọjá. Tẹ́ ẹ bá lè rí tiwa, tiwa ni kẹ́ ẹ gbìn. Ní Màlì àti Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n máa ń fi gbòǹgbò rẹ̀ sínú ìkòkò omi mímu kí omi lè ta sánsán, mo ti gbìyànjú ẹ̀, ó dùn.

Gíní gíráàsì ni ẹ̀kẹta, kì í bẹ̀rù òjìji, ẹ lè gbìn ín sábẹ́ máńgòrò, ewúrẹ́ àti ehoro fẹ́ràn rẹ̀ gidi. Eésún náà ń hù nídìí-nídìí, àmọ́ ó tóbi jù fún púlọ́ọ̀tì kan, irun ara ẹ̀ sì ń yúnni, ẹni tó ní ilẹ̀ lẹ́yìn fẹ́ǹsì tó tún ń sin ẹran ni kó ronú nípa ẹ̀. Bẹẹrẹ, tí wọ́n máa ń kó wá fún Aláàfin láyé àtijọ́ láti fi bo òrùlé ààfin nígbà ọdún Bẹẹrẹ, mi ò tíì gbìn ín rí, nítorí náà mi ò ní kọ́ yín ní ohun tí mi ò tíì ṣe.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ọkọ́

Ẹ dúró de òjò ńlá kan, kẹ́ ẹ wọ bàtà rọ́bà, kẹ́ ẹ gbé agboòrùn, kẹ́ ẹ jáde síta nígbà tó ń rọ̀ lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ó máa ṣe àwọn aráalé ní kàyéfì. Ẹ wo ibi tí omi ti ń wọlé, ibi tó ti ń pàdé, ibi tó ti ń yára, ibi tó ń bá jáde. Ẹ fi igi sàmì síbẹ̀. Gbogbo àṣìṣe tí mo ṣe lọ́dún àkọ́kọ́, torí pé inú ẹ̀ẹ̀rùn ni mo dúró tí mò ń fojú inú wo omi ni.

Lẹ́yìn náà ẹ mú lẹ́fẹ̀lì. Koríko tó máa dá omi dúró gbọ́dọ̀ dábùú òkè, kó má gùn ún, tó bá fi díẹ̀ dagun báyìí, ńṣe lẹ la ọ̀nà fún omi, á kóra jọ sígun kan, á sì já. Ẹ lo rọ́bà funfun tó mọ́ gaara tí bíríkìlà fi ń mú lẹ́fẹ̀lì ilé. Ẹ wá igi méjì tó ga dọ́gba, kẹ́ ẹ fàlà sí àwọn méjèèjì lójú kan náà, ẹ so orí rọ́bà mọ́ wọn, ẹ bu omi sí i kó dé ojú ìlà, kẹ́ ẹ rí i pé atẹ́gùn kankan ò há sínú ẹ̀. Ẹnì kan á dúró, ẹnì kejì á rìn lọ bíi fíìtì 6, á máa sún sókè sún sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi dé ojú ìlà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ibẹ̀ lẹ ó kan èèkàn mọ́, ẹni tó dúró lẹ́ẹ̀kan á wá bọ́ síwájú. Tẹ́ ẹ bá ṣe é dé etí fẹ́ǹsì kejì, ẹ ó rí i pé ìlà náà ò tọ́ bí irin, ó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹ má tún un tọ́. Tí òkè yín bá ga, ẹ fa ìlà míì níbi tí ilẹ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀ tó mítà 1 sí ìlà àkọ́kọ́.

Tí pẹrẹsẹ nilẹ̀ yín, tẹ́ ẹ kàn fẹ́ ẹwà, ẹ fo gbogbo ìyẹn, ẹ ṣáà wá ibi tí oòrùn ń dé fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Fẹtífà kórìíra òjìji, á wà láàyè lábẹ́ igi àmọ́ kò ní ki.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i, àti bẹ́ ẹ ṣe máa pín in

Fún eruwà, ẹ má dààmú lórí èso. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló máa ń ṣófo, èyí tó sì dáa gan-an kì í fẹ́ hù láàárín oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ tó já. Ìdí ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ lọ bá ẹni tó ń ro oko tàbí tó fẹ́ kọ́lé sórí ilẹ̀ tí eruwà wà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kẹ́ ẹ wú ìdí mélòó kan kí katakata tó dé, inú ẹ̀ á dùn ni. Ẹ má lọ wú ti onílẹ̀ láìtọrọ. Ẹ má sì wú èyí tó wà létí odò tàbí létí gọ́tà ńlá, iṣẹ́ ló ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ fi àdá gé ewé rẹ̀ kúrò kó ku bíi fíìtì 1, kẹ́ ẹ fi díjà gbẹ́ yí i ká, kẹ́ ẹ gbé e pẹ̀lú erùpẹ̀. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ gbọn erùpẹ̀ kúrò, ẹ fi ọwọ́ ya á bí ẹ ṣe ń ya ọmọ koríko ọba, ibi tó bá le ẹ fi àdá tó mú là á. Ọmọ méjì sí mẹ́ta pọ̀ ni kẹ́ ẹ kà sí ẹyọ kan, kí gbòǹgbò wà lábẹ́ ẹ̀, ẹyọ ọmọ kan ṣoṣo máa ń kú lọ tí oòrùn bá ràn án. Ẹ yọ ewé gbígbẹ kúrò lára ẹ̀ torí ikán fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ tún gé ewé kó ku bí ínṣì 8, kẹ́ ẹ gé gbòǹgbò kó ku bí ínṣì 4. Ó máa ń dun àwọn èèyàn láti gé gbòǹgbò, ṣùgbọ́n gbòǹgbò gígùn tó ká sókè nínú ihò ló ń jẹrà, èyí tẹ́ ẹ gé á yọ tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ rì í sínú omi lábẹ́ ibòji di ọjọ́ kejì, tàbí kẹ́ ẹ fi àpò tó tutù wé e. Ohun tẹ́ ẹ bá wú lónìí, ẹ gbìn ín kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé.

Ìdí fẹtífà kan tó ti pé ọdún méjì lè fún yín ní ọmọ 30 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹni tí ò lówó púpọ̀ lè ra ìdí mẹ́ta péré, kó gbìn ín ní igun kan fún ọdún kan, kó wá máa pín in.

Ìgbà gbígbìn

Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ẹ gbìn ín nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ẹyọ òjò kan kọ́kọ́ já. Lọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn, ìparí oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ló dáa jù, kí gbòǹgbò ti rìn kí òjò tó dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Ẹni tó bá pẹ́, ó ṣì lè gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Oṣù kẹwàá ni èmi gbin 70 lọ́dún kan torí ara mi ò balẹ̀, òjò lọ, ọyẹ́ dé, mò ń fi kẹ́ẹ̀gì pọnmi sí i lárọ̀ọ́ lálẹ́, síbẹ̀ nígbà tí oṣù kejì fi máa parí mọ́kànlá ló kù. Ó dùn mí gan-an, torí mo ti rò pé mo ti borí.

Gbígbìn fúnra rẹ̀

Lójú ìlà tẹ́ ẹ ti fa, ẹ gbẹ́ kòtò tóóró bí ínṣì 6, ẹ da ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jinná tàbí ìgbẹ́ ewúrẹ́ díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ erùpẹ̀. Tí fẹtífà bá fẹ́ dá omi dúró, kí àárín ẹyọ kan sí èkejì má ju ínṣì 4 sí 6 lọ. Mo mọ̀ pé ó máa rí bíi pé ó fún jù. Àlàfo tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ ni omi máa gbà jáde, ibi tó bá sì ti gbà lẹ́ẹ̀kan á máa fẹ̀ sí i. Ìlà tó gùn ní mítà 10, tẹ́ ẹ bá fi ínṣì 6 sáàárín, á tó ojú ihò 67, tí ìkọ̀ọ̀kan bá gba ọmọ mẹ́ta, ẹ nílò bí 200 ọmọ. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó má tán lọ́wọ́ yín láàárín méjì ìlà.

Eruwà ò fẹ́ kí wọ́n há òun mọ́, fíìtì 2 sí 3 ni kẹ́ ẹ fi sáàárín tó bá jẹ́ fún ẹwà. Kó jìnnà sí ògiri ilé àti sí ẹnu ọ̀nà, fíìtì 10 ni mo máa ń sọ, ẹ ó mọ ìdí ẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ gbìn ín kó jìn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹ má ri ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa títí tẹ́ ẹ bá fi fà á díẹ̀ tí kò ní jáde. Ẹ bomi rin ín lójú ẹsẹ̀, kódà bí ojú ọ̀run ṣú.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́

Tí òjò ò bá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ bomi sí i. Ẹ máa ro àárín ẹ̀, torí koríko kékeré tí igbó bò mọ́lẹ̀ kò ní ki láé. Èyí tó bá kú, ẹ tètè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ nínú òjò kan náà. Ìyẹn náà ni gbogbo iṣẹ́ oṣù yẹn. Ẹ má retí ẹwà lọ́dún àkọ́kọ́, abẹ́ ilẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ sí. Ọdún kejì lẹ ó rí i tí ìdí méjì á fara kan ara wọn, omi tó bá ti òkè wá á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́yìn rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ á máa jókòó síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ẹ̀yìn ìlà tèmi ti ga ju iwájú rẹ̀ lọ tó ínṣì 9, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, ewédú àti tẹ̀tẹ̀ ni mò ń gbìn sórí iyẹ̀pẹ̀ yẹn báyìí.

Gígé, iná, ejò

Fẹtífà, ẹ máa gé e kó ku bí fíìtì 1 àti díẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń gé e ló ṣe máa ń bí ọmọ sí i. Ewé tẹ́ ẹ gé, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ata tàbí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ. Ti Íńdíà ò léwu lórí èso, àmọ́ tiwa, tí òdòdó ẹ̀ bá ti ń pọ́n, ẹ gé orí ẹ̀ kó má baà hù síbi tẹ́ ò fẹ́.

Eruwà nílò ojú àánú díẹ̀ àti ọwọ́ líle. Ẹ jẹ́ kó yọ òdòdó, ẹ wò ó tẹ́rùn, àmọ́ kí oṣù kọkànlá tó parí, kí ọyẹ́ tó gbẹ ẹ́, kẹ́ ẹ ti gé e kó ku bí ínṣì 8, kẹ́ ẹ kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ gé kúrò nítòsí ilé. Eruwà gbígbẹ bá gbaná, iná ẹ̀ kì í ṣeré. Ọsirélíà ni kẹ́ ẹ wò: lọ́dún 1931 ni wọ́n kọ́kọ́ mú un débẹ̀ fún màlúù, ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́ ní apá àríwá, iná tó ń jó nínú ẹ̀ gbóná débi pé ó ń pa igi, nígbà tó di 2012 wọ́n kà á mọ́ àwọn koríko tó burú jù fún orílẹ̀-èdè náà. Níbẹ̀, àlejò ni. Lọ́dọ̀ wa ilé rẹ̀ ló wà, màlúù, kòkòrò àti àwọn ewéko ẹgbẹ́ ẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń bá a gbé, ṣùgbọ́n iná ò mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ má fi èso ẹ̀ sínú báàgì lọ gbìn. Ẹ wá koríko onídìí tó jẹ́ ọmọ ibi tẹ́ ẹ wà.

Ejò ni ohun tí gbogbo àlejò mi kọ́kọ́ ń bi mí. Koríko tó ga tí wọ́n pa tì, tí ewé gbígbẹ kún ìdí ẹ̀, eku á sùn síbẹ̀, ejò á sì wá eku wá, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìdí tí mo fi ní fíìtì 10 sí ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Ẹ máa gé e lásìkò, ẹ máa kó ewé gbígbẹ kúrò nídìí ẹ̀, ẹ má da ìdọ̀tí oúnjẹ sí tòsí, ẹ wọ bàtà rọ́bà tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé fẹtífà ń lé ejò, ẹ má gbára lé e.

Ewúrẹ́ ńkọ́? Ewúrẹ́ á jẹ eruwà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú títí dé ìdí. Lọ́dún àkọ́kọ́ ẹ fi ẹ̀gún tàbí wáyà yí i ká. Tó bá ti dàgbà, wọ́n lè jẹ ẹ́ kó tún rú, wọ́n tiẹ̀ ń bá yín gé e ni. Àmọ́ ohun tó ba tèmi jẹ́ ju ewúrẹ́ lọ, èèyàn ni: mo rìnrìn àjò, ọmọ tí mo ní kó tún àyíká ṣe fi oògùn apakoríko wọ́n gbogbo ẹ̀, ó rò pé ìrànlọ́wọ́ ló ń ṣe fún mi. Ẹ fi òkúta funfun tò sí ẹsẹ̀ ìlà náà, kẹ́ ẹ mú gbogbo ẹni tó bá máa fọwọ́ kan ilẹ̀ yín débẹ̀, kẹ́ ẹ fi hàn án, kẹ́ ẹ ní, "Èyí, a gbìn ín ni."

Tó bá ti ń darúgbó

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, àárín ìdí eruwà máa ń kú, á wá rí bí òrùka, ewé á wà létí, àárín á pá. Kò ṣàìsàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹ wú u, ẹ ju àárín tó kú sórí ààtàn, ẹ pín etí ẹ̀ tó ṣì ń ta gìrì, ẹ tún un gbìn. Fẹtífà tó wà lójú ìlà, ẹ má wú u, torí ẹ ó ṣí ẹnu ọ̀nà fún omi. Ẹ kàn gé e mọ́lẹ̀ kó bí ọmọ tuntun. Ìdí tẹ́ ẹ máa fi ṣe irú-gbìn, igun ọ̀tọ̀ ni kó wà.

Igun tèmi wà lẹ́yìn kíṣìnì, ìdí 12 ló wà níbẹ̀. Lóṣù karùn-ún tó kọjá mo wú márùn-ún níbẹ̀ fún aládùúgbò tí ilé ẹ̀ wà nísàlẹ̀ tiwa, torí gbogbo omi tó bá kọjá lọ́dọ̀ mi, ọ̀dọ̀ tiwọn ló ń lọ. A jọ mú lẹ́fẹ̀lì ni, ọmọ ẹ̀ di orí rọ́bà kan mú, èmi di èkejì, ìlà náà wá gba abẹ́ ìbẹ́pẹ wọn kọjá dé ìdí kànga.